Òrí Inú Gìtá

Bùrọ̀dá Tìmótì ni ẹni àkọ́kọ́ tó rẹ́ mi jẹ nígbà tí mo wà ní kékeré. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e, títí kan àwọn tó bí mi lọ́mọ, ṣùgbọ́n òun ló ṣíwájú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá kan, ọmọ bàbá kan. Ọdún mẹ́rin ló fi jù mí lọ. Láti ìgbà tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ í sọ ni mo ti ń sọ pé "wọ́n jẹun", "wọ́n sùn", bí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa nílé. Nínú ohun tí mò ń kọ yìí, "ó" ni màá máa pè é. Mo ti pé ẹni ọgọ́ta ọdún. Mo rò pé mo ti bọ̀wọ̀ tó.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ẹ ó rántí bí Bódìjà ṣe rí nígbà náà. Òdòdó pupa ló wà lára ọgbà ilé kọ̀ọ̀kan, omi ẹ̀rọ ṣì ń yọ lówùúrọ̀, bí ọmọdé bá sì kígbe ní òpópónà kejì, ìyá rẹ̀ á mọ ohùn rẹ̀. Sẹkitéríàtì ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Ṣakí ni wá, Onítẹ̀bọmi paraku, bàbá mi sì ni díákónì tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, èyí tó mú kí wọ́n le ju àwọn àgbà díákónì lọ. Aago márùn-ún àárọ̀ la ti ń jí fún àdúrà. Lẹ́yìn àdúrà, èmi ni mo ń gbálẹ̀, èmi ni mo ń fọ abọ́, èmi ni mo ń pọnmi sínú dúrọ́ọ̀mù. Bùrọ̀dá Tìmótì ló ń fọ mọ́tò bàbá wa, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, lọ́jọ́ Sátidé, gbogbo ilé á sì máa kí i pé ó kú iṣẹ́.

Èèyàn Ṣakí kì í fi òrí ṣeré. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ láti ilé, yóò gbé wàrà wá, yóò gbé èlùbọ́ wá, yóò sì gbé òrí wá nínú igbá tí wọ́n fi ewé bò. Ikọ́ ń ṣe ọ́, òrí ni. Imú ọmọ dí, òrí ni. Gìgísẹ̀ là, òrí ni. Mo rí i tí ìyá mi fi òrí sí àgbékọ́ ilẹ̀kùn tó ń dún, ilẹ̀kùn náà sì dákẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ohun tí mo ṣe nígbẹ̀yìn, ọmọ Ṣakí nìkan ló lè ṣe é.

Ní ọdún tí mo ń sọ yìí, mo ṣe ipò kìíní ní kíláàsì mi. Bàbá mi wo ìwé èsì náà, wọ́n ní, "Káre. Máa tẹ̀ síwájú." Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni èsì ìdánwò àṣekágbá Bùrọ̀dá Tìmótì jáde, èyí tó ṣe lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn tí àkọ́kọ́ ti dojú dé. Ó yege, bí ẹni tó fi èékánná rọ̀ mọ́ ògiri. Bàbá mi dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì ra gìtá oníná fún un.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gìtá oníná yìí dẹ́rù bà yín. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Àgbowó ló tà á fún wọn ní gbàǹjo. Pupa ni, ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí, kò sì sí orúkọ ilé iṣẹ́ kankan lára rẹ̀, àfi bí ẹni pé ẹni tó ṣe é ń tijú. Ní ọjọ́ tí Bùrọ̀dá Tìmótì gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ akọrin ọ̀dọ́, tó ki wáyà rẹ̀ bọ inú ańpílífáyà ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn tó jáde dà bí eṣinṣin tó há sínú ìgò. Bó bá gbé ohùn rẹ̀ sókè, yóò máa kùn hùùù. Bó bá tún gbé e sókè sí i, yóò han fíìì, tí àwọn ọmọdé á fi ọwọ́ di etí. Okùn rẹ̀ kì í dúró sí ohùn kan ju ẹsẹ orin méjì lọ. Wọ́n fi ẹ̀gbọ́n mi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, "Tìmótì onífèrè," ló bá gbé gìtá náà jù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó padà sídìí bọ́ọ̀lù rẹ̀. Èmi ni mo lọ fà á jáde.

Ẹ ó bi mí pé níbo ni ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá ti mọ inú gìtá. Bàbá mi ló fà á. Nígbà náà, ẹni tó bá gbé rédíò rẹ̀ lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe kò gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, nítorí wọ́n lè yọ ohun tó dára nínú rẹ̀ kí wọ́n fi ògbólógbòó dípò. Nítorí náà, bí rédíò wa bá ti bàjẹ́, wọ́n á ní kí n gbé e lọ sí Mọ́kọ́lá, kí n jókòó tì í, kí n má ṣe gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Bẹ́ǹṣì kan wà lábẹ́ àtíbàbà páànù Ọ̀gá Mùsì, ẹni tó ń bá wa tún un ṣe. Orí rẹ̀ ni mo ti jókòó ní gbogbo ìsinmi ilé ìwé, tí èéfín lẹ́ẹ̀dì gbígbóná tí wọ́n fi ń jó wáyà pọ̀ ń ta sí mi nímú, tí òórùn epo mọ́tò àwọn mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ wa ń dà pọ̀ mọ́ ti ẹran súyà. Ohun tí wọ́n rán mi ni mo ṣe. N kò gbé ojú kúrò.

Ọ̀gá Mùsì wò mí lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ọmọ díákónì, ojú tí o fi ń wò mí yìí, ṣé bàbá ẹ ní kí o wá mú mi ni tàbí o fẹ́ kọ́ṣẹ́ kí o gba fíríídọ̀ọ̀mù?" Mo rẹ́rìn-ín. Ó na irin gbígbóná tó fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì sí mi, ó ní, "Ó dáa, di ibẹ̀ yẹn pọ̀ ká wò ó. Tó o bá jó ọwọ́ ẹ, mi ò sí níbẹ̀ o." N kò jó ọwọ́ mi.

Nígbà tí mo gbé gìtá náà lọ hàn án, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ohun kan tó rí pẹlẹbẹ lábẹ́ àwọn okùn. "Etí ẹ̀ rèé," ló wí. "Okùn ló ń sọ̀rọ̀, èyí ló ń gbọ́. Mágínẹ́ẹ̀tì ni, wọ́n wá fi wáyà yí i ká. Ẹni tó yí èyí, ebi ló ń pa á. Kò yí i tó." Ó sọ fún mi pé kíkùn hùùù náà, bébà fàdákà tó wà nínú páálí sìgá ni kí n fi tẹ́ inú rẹ̀. Ó sọ pé àbẹ́là yíyọ́ ni wọ́n fi ń di etí náà kó má baà máa han. Ó sọ pé rọ́bà tí okùn gbé orí lé lókè ti jẹ, eegun ló yẹ kó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dá gìtá padà fún mi, ó ní, "Èmi ò ní ṣe é fún ẹ o. Lọ ṣe é."

Eegun ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo tọrọ eegun itan màlúù lọ́wọ́ àwọn alápatà ọjà Bódìjà, mo sè é títí ọ̀rá rẹ̀ fi tán, mo wá ń lọ̀ ọ́ lórí sìmẹ́ńtì ibi tí a ti ń fọṣọ. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi lọ̀ ọ́. Ìyá mi ní kí ló dé tí ẹ̀yìnkùlé wọn ń rùn bí odò ẹran. Nígbà tó tẹ́ tán, mo fi ayùn bíléèdì la ojú mẹ́fà sí i fún okùn mẹ́fà. Okùn kò yọ̀ kúrò ní ipò mọ́ láti ọjọ́ náà.

Páálí sìgá ló kó ìyà bá mi. Ta ni ń mu sìgá ládùúgbò àwọn Onítẹ̀bọmi? Mo ń ṣà wọ́n lẹ́bàá ọ̀nà Àgbowó bí mo bá ń ti ilé ìwé bọ̀, mo ń kó wọn sínú àpò ìwé mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi gbé àpò náà láti wo iṣẹ́ àmúrelé mi, páálí sìgá mọ́kànlá sì tú jáde sórí tábìlì ìjẹun, láàárín búrẹ́dì àti tíì. Ìyá mi pariwo "Jésù!" Bàbá mi kò pariwo. Wọ́n ní kí n kúnlẹ̀, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí n sọ orúkọ ẹni tó kọ́ mi ní sìgá mímu. Mo ní mi ò mu sìgá, bébà inú rẹ̀ ni mo fẹ́ fi tún gìtá ṣe. Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ, ṣé ẹ ó gbà á gbọ́? Wọ́n nà mí ní bẹ́líìtì méjìlá. Lọ́jọ́ kejì, àwọn díákónì méjì wá gbàdúrà lé mi lórí, wọ́n lé ẹ̀mí sìgá jáde lára ọmọ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣá ìṣáná.

Bùrọ̀dá Tìmótì wà níbẹ̀. Ìdí tábìlì náà ló jókòó sí, ó ń ki búrẹ́dì bọ inú tíì. Ó mọ ohun tí bébà náà wà fún, nítorí mo ti fi inú gìtá náà hàn án ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó sì ti ní, "Ó ń dán o." Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá sọ. Ó mu tíì rẹ̀ tán.

Yíyí wáyà ló le jù. Wáyà náà tín-ín-rín bí irun orí ọmọ tuntun. Inú ẹ̀rọ kan tó ti jóná ni Ọ̀gá Mùsì ti yọ ọ́ fún mi. Ìyá mi ní ẹ̀rọ ìránṣọ ọlọ́wọ́ kan, èyí tí wọ́n gbé wá sílé ọkọ, ó sì ní ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a ti máa ń yí òwú sára bọ́bìnnì. Mo yọ bọ́bìnnì, mo fi etí gìtá rọ́pò rẹ̀. Ọkùnrin kankan ò lè ronú kan ìyẹn, torí ọkùnrin kankan ò yí òwú sí bọ́bìnnì rí nínú ilé wa. Mo ń fi ọwọ́ kan yí ẹ̀rọ, mo ń fi ìka méjì ọwọ́ kejì darí wáyà. Bí mo bá ka ọgọ́rùn-ún, màá ju èso ẹ̀wà kan sínú abọ́. Ọgọ́ta èso ni mo fẹ́. Ní èso kẹtàlélógójì, wáyà já. Mo sunkún, mo nu ojú, mo jó o pọ̀, mo tẹ̀ síwájú. Ọ̀sán mẹ́rin ló gbà mí, kí bàbá àti ìyá mi tó ti ibi iṣẹ́ dé. Ẹ̀yìn mi ń ro mí, ojú mi ń ṣe bàìbàì, n kò sì rò pé inú mi tún dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà náà, àní lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi pàápàá.

Ó wá ku híhan fíìì náà. Àbẹ́là ni Ọ̀gá Mùsì wí, ṣùgbọ́n iná ìjọba kò dúró nígbà náà, ìyá mi sì ń ti àbẹ́là mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n mọ iye tó wà níbẹ̀. Mo wo àyíká. Ọyẹ́ ń jà, ètè gbogbo wa ti là, òrí inú igbá sì le koránkorán bí òkúta. Mo ní, kí ni àbẹ́là ṣe tí òrí kò lè ṣe? Mo yọ́ òrí, mo ri etí gìtá náà sínú rẹ̀, mo gbé e sójú fèrèsé. Kí ó tó pé wákàtí kan, ó ti dì. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà sí ipò, mo fi gìtá náà lé Bùrọ̀dá Tìmótì lọ́wọ́. Èmi fúnra mi kò mọ̀ ọ́n ta. Òun ló mọ̀ ọ́n ta. N kò ní parọ́ mọ́ ọn, ìka rẹ̀ dùn.

Ní ìsìn orin Kérésìmesì, ohùn gìtá náà jáde, ó nípọn bí ògì tó jinná, kò kùn, kò han. Àwọn ènìyàn yí ọrùn padà. Mo wà láàárín àwọn ọmọdébìnrin akọrin. Lẹ́yìn ìsìn, alàgbà kan tí gbogbo ìjọ ń pè ní Ẹnjiníà wá bá ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀gá ni lẹ́ka ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ rédíò kan, ó sì ti wà lọ́jọ́ tí gìtá náà ń ké bí eṣinṣin.

"Ta ló tún nǹkan yìí ṣe?"

Bùrọ̀dá Tìmótì ní, "Èmi ni, sà."

Ẹnjiníà ní ilé iṣẹ́ àwọn ń mú ọ̀dọ́ méjì lọ́dọọdún fún ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ àti iná, ọdún mẹ́ta gbáko, pẹ̀lú ibùsùn àti oúnjẹ, iṣẹ́ sì ń dúró dè wọ́n bí wọ́n bá jáde. Ó ní ẹni tó ṣe èyí ni òun fẹ́ mú orúkọ rẹ̀ lọ. Òun ń rìnrìn àjò, ṣùgbọ́n tí òun bá dé lọ́jọ́ Àjíǹde, òun á tú u wò fúnra òun.

Ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ àti iná! Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi. N kò tíì fẹ́ nǹkan kan tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Nígbà tí a délé, mo bá a lẹ́yìnkùlé. Mo ní, "Bùrọ̀dá, kí ló dé tí ẹ sọ pé ẹ̀yin ni?"

Ó ní, "Ta ló máa gbà pé ìwọ ni? Wọ́n á ní mo ń fi ìjọ ṣe yẹ̀yẹ́. Fọkàn balẹ̀, Dọ́káàsì. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọlé ná. Tí mo bá ti wọlé, màá fà ẹ́ wọlé."

Mo gbà á gbọ́. Kì í ṣe pé mo gbà á gbọ́ nìkan, mo tún kọ́ ọ. Láti oṣù kìíní títí di Àjíǹde, ọ̀sán méjì lọ́sẹ̀, mo kọ́ ọ ní ohun gbogbo tí Ẹnjiníà lè bi í: kí ni etí, kí ni iṣẹ́ bébà fàdákà, ìgbà mélòó ni wáyà yí, báwo la ṣe kà á. Ó ń kọ ọ́ sínú ìwé, ó ń há a sórí. Òrí nìkan ni n kò sọ fún un. Ó ti wà nínú ilé wa jù, kò dà bí ohun tí ènìyàn ń kọ́ ènìyàn.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ooru Àjíǹde ṣe máa ń rí ní Ìbàdàn. Páànù orí ṣọ́ọ̀ṣì ń ta páápáá, ìjọ kún dé ẹnu ọ̀nà, àwọn obìnrin ń fi ìwé ètò ìsìn fẹ́ ara. Bùrọ̀dá Tìmótì wọ ṣòkòtò funfun. Nínú orin kejì, mo rí ohun aláwọ̀ ìyeyè kan tó ń ti ìdí gìtá sọ̀ kalẹ̀, tó, tó, tó, sórí itan rẹ̀. Lẹ́yìn náà gìtá han fíìììì. Òórùn òrí sì gba gbogbo iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá arúgbó kan tó jẹ́ ará Ṣakí gbé orí sókè níbi tí wọ́n ti ń tòògbé, wọ́n ní, "Ta ló ń yọ́ òrí nínú ilé Ọlọ́run?" Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìsìn, a wà nínú yàrá àwọn díákónì: bàbá mi, ìyá mi, Bùrọ̀dá Tìmótì pẹ̀lú ṣòkòtò alábàwọ́n rẹ̀, Ẹnjiníà, àti èmi tí mo dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ẹnjiníà tú gìtá náà sórí tábìlì. Ó fi áńkáṣíìfù nu òrí kúrò, ó gbé etí gìtá sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé.

"Ọwọ́ tó yí èyí mọ́. Ìwọ lo yí i?"

"Èmi ni, sà."

"Ìgbà mélòó?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́fà, sà."

"Báwo lo ṣe kà á tí o ò ṣì í kà?"

"Ẹ̀wà ni mo fi kà á, sà. Èso kan fún ọgọ́rùn-ún."

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín ayọ̀, ó lu tábìlì. "Ẹ̀wà! Ẹ ò rí ọmọ yín, Díákónì?" Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹnjiníà ní, "Òrí wá ńkọ́? Kí lo fi òrí ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ó wò mí. Ó ní, "Dọ́káàsì ló lọ fi síbẹ̀, sà. Kì í yé fọwọ́ kan nǹkan mi."

Ẹnu kan náà ló fi sọ méjèèjì. Iṣẹ́ di tirẹ̀, àṣìṣe di tèmi.

Ẹnjiníà yíjú sí mi. "Ìwọ lo fi òrí sí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Nítorí kí ni?"

Mo ní, "Wáyà yẹn máa ń gbọ̀n, sà. Tó bá ń gbọ̀n, á máa gbọ́ ohùn ara ẹ̀, á wá máa han. Mo fẹ́ kó dúró sójú kan."

Ẹnjiníà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó gbé etí gìtá kalẹ̀. Ó wò mí, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ó tún wò mí. "Ta ló sọ ìyẹn fún ẹ?"

Bàbá mi ní, "Dọ́káàsì." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, orúkọ mi nìkan. Ìyá mi di ẹran apá mi mú láti ẹ̀yìn, wọ́n yí i. Gbogbo wa tí wọ́n tọ́ nígbà náà la mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ọmọ kì í já ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nírọ́ lójú ará ìta. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló tú, ilé bàbá rẹ̀ ló tú.

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, sà. Mo kàn ń ṣeré ni."

Ẹnjiníà mọ̀. Mo sọ ọ́ níbí, kì í ṣe pé mo ń rò ó: ó mọ̀. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló bí. Ó wo bàbá mi lójú, bàbá mi wò ó, àwọn àgbàlagbà méjèèjì sì parí ọ̀rọ̀ náà láìla ẹnu. Ó dé ìdérí gìtá, ó ní, "Tìmótì, àbẹ́là ni wọ́n ń lò, kì í ṣe òrí." Ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ìrẹsì àti adìyẹ la jẹ lọ́jọ́ náà. Ẹ mọ̀ pé iwe adìyẹ, olórí ilé ló ni ín. A kò gbọ́dọ̀ fi ojú wá a nínú ìkòkò. Bàbá mi gé iwe tiwọn sí méjì, wọ́n fi ìdajì sínú abọ́ mi. Wọ́n ní, "O ṣe dáadáa lónìí." Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ti ń wá irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn. Mo jẹ iwe náà. N kò jẹ iwe mọ́ láti ìgbà náà. Ní ìrọ̀lẹ́, mo sunkún dé ọ̀dọ̀ ìyá mi, wọ́n ní, "Kí lo fẹ́ fi wáyà ṣe, ìwọ ọmọ yìí? Ta ló máa fẹ́ obìnrin tí ọwọ́ ẹ̀ ń rùn lẹ́ẹ̀dì?" Bàbá mi ní n kò gbọ́dọ̀ dé Mọ́kọ́lá mọ́. Nígbà kan tí mo kọjá níbẹ̀ nínú takisí, mo rí Ọ̀gá Mùsì lórí bẹ́ǹṣì. Mo tẹ orí ba. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á.

Bùrọ̀dá Tìmótì wọlé. Lẹ́tà méjì ni mo kọ sí i láti rán an létí ìlérí rẹ̀. Ó fèsì pé ó ń tutù lọ́dọ̀ àwọn, kí n bá òun kí màmá. Ó ṣe iṣẹ́ náà títí ó fi di ọ̀gá, ó kọ́ ilé sí Challenge. Èmi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni, mo tún lọ sí yunifásítì, kò sí ẹni tó lè pè mí ní púrúǹtù. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ètò ìtọ́jú ilé. Mo fi bí wọ́n ṣe ń yí òwú sí bọ́bìnnì hàn wọ́n.

Láyé ìsinsìnyí, ó ti yàtọ̀, wọ́n ní. Ọmọbìnrin ló ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa báyìí, ìyá rẹ̀ sì ń fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin. Etí gìtá wà nínú páálí ní Dùgbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kàn lọ rà á ni. Bí nǹkan bá bàjẹ́, wọ́n á jù ú nù. Àwọn òbí ń bẹ ọmọbìnrin pé kó jọ̀ọ́ kó lọ kọ́ ẹnjiníà, ọmọbìnrin á ní ìṣirò le. Mo máa ń gbọ́ ọ, màá sì dìde kúrò níbẹ̀ kí n má baà sọ ohun tí àgbàlagbà kì í sọ. Wọ́n ní ká yọ̀ pé ayé ti sàn. Ta ló sàn fún?

Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi ṣe ìdúpẹ́ ọjọ́ ìbí nínú ọgbà ilé rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n gbé gbohùngbohùn fún un, wọ́n ní kó sọ bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ọ́. Ó sọ ti gìtá pupa, ó sọ ti eegun, ó sọ ti ẹ̀wà. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ò mọ̀ pé ọmọ Ṣakí ni mí! Òrí ni mo fi dì í!" Ó fi ọwọ́ júwe bó ṣe ń kán sórí ṣòkòtò rẹ̀. Àwọn àlejò rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú wọn. Mo jókòó láàárín wọn pẹ̀lú abọ́ mi lórí ẹsẹ̀. Àṣìṣe yẹn nìkan ló ti fi sílẹ̀ fún mi ní gbogbo ọdún wọ̀nyí.

Mo dúró títí àwọn ènìyàn fi lọ. Mo bá a lórí àga ní fàráńdà, ó ti bọ́ bàtà, ó ń fi ìka ra ojú. Mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹ mọ̀ pé èmi ni." N kò fi ohùn líle sọ ọ́. Mo rò pé yóò ní òun ti gbàgbé. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìyẹn.

Ó wò mí pẹ̀lú ìyọ́nú, bí ẹni ń wo ọmọdé tó béèrè ohun tí gbogbo ilé mọ̀.

"Ṣé mo ní kì í ṣe ìwọ ni? Lọ́jọ́ Àjíǹde yẹn, ẹnu ẹ ni mò ń wò, Dọ́káàsì. Mo ti sọ fún ara mi pé tó o bá ti lè la ẹnu báyìí, màá gbà pé irọ́ ni mo pa, kí wọ́n ṣe mí bí wọ́n bá ṣe fẹ́. O ò sọ nǹkan kan. Mo wá ní, ó ti fi ta mí lọ́rẹ nìyẹn."